Alùpùpù Tí Ìkíni Máa Ń Pa

Làsísì, gbé fóònù yẹn kúrò lójú mi díẹ̀. Mo ti rí i. Mo rí pupa, mo rí dúdú, mo rí èyí tí o ní ẹni tó ni ín ní Ìbàdàn kò lò ó pẹ́. O ní owó ọwọ́ rẹ kò tó ra tuntun, o ní o kò tíì mọ̀ ọ́n gùn dáadáa, o wá ní kí Baba Àgbà bá ọ wò ó bóyá èyí tó dára wà nínú wọn. Ó dáa. Ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, ẹ jókòó. Ẹ sún mọ́ ògiri, kí àwọn ọlọ́kadà yín má baà gun ẹsẹ̀ yín mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi kì í fi ọ̀rọ̀ alùpùpù rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ gan-an tí mo ra tèmi, àwọn tó fojú rí i ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán, síbẹ̀ inú ṣì ń bí mi.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tó ń bí mi nínú, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí òpópó tó wà níwájú yín yìí ṣe rí nígbà náà. Kò sí ọ̀dà lórí rẹ̀. Erùpẹ̀ pupa ni, àwọn obìnrin ilé á ti gbá a kí oòrùn tó yọ, ojú ìgbálẹ̀ á hàn lórí ilẹ̀. Ohun tí a ń gbọ́ láàárọ̀ kò ju ìró ìgbálẹ̀ yẹn, ohùn àwọn ọmọ ilé kéwú tí ń ka ohun tó wà lójú wàláà wọn, àti ikọ́ àwọn àgbà. Ẹ má fi ikọ́ yẹn ṣeré o. Òun la fi ń mọ̀ pé wọ́n ti kírun àsùbáà tán, wọ́n ti jáde síta. Láti ibí yìí títí dé ìpẹ̀kun ìlú, kò sí ilé tí àgbàlagbà kan kì í jókòó síwájú rẹ̀, lórí ẹní tàbí lórí awọ àgbò Iléyá, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, búùtà omi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni pé kí wọ́n máa wo ẹni tó ń kọjá.

Ẹni tó bá sì ń kọjá gbọ́dọ̀ kí wọn. N kò sọ pé kó ju "ẹ káàárọ̀" sílẹ̀ kó máa bá tirẹ̀ lọ, bí ẹ ti ń ṣe. Ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà á kan ilẹ̀. Wọ́n á bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́, bẹ́ẹ̀ wọ́n mọ ọmọ tí o jẹ́. Wọ́n á béèrè bàbá rẹ, wọ́n á béèrè ìyá rẹ, wọ́n á béèrè ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá bàbá rẹ. Wọ́n á kì ọ́, wọ́n á wúre fún ọ, ìwọ náà á máa ṣe àmín lórí ilẹ̀ níbẹ̀ títí wọ́n á fi ní kí o dìde. Bí o bá ru ẹrù, wàá sọ ọ́ kalẹ̀. Bí o bá wà lórí kẹ̀kẹ́, wàá bọ́ sílẹ̀, wàá fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri. Kò sí ẹni tó ka èyí sí ìyà. Èmi náà kò kà á sí ìyà, àfi ìgbà tí mo ra alùpùpù.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ló sún mi rà á. Ọ̀gá mi, Ọ̀gá Ràímì, ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, wọ́n sì fi òṣùwọ̀n Kuta sí ìkáwọ́ mi. Òṣùwọ̀n yẹn ń gbé ní Kuta, nínú yàrá kan tí a háyà létí ọjà. Tèmi ni pé kí n ti Ìwó níbí lọ ní gbogbo ọjọ́ ọjà wọn, kí n ṣílẹ̀kùn, kí n wọn kòkó, kí n sanwó. Àárọ̀ kùtù ni gbogbo rẹ̀. Àgbẹ̀ tó ti gbé àpò kòkó jáde láti ìdájí kò ní dúró dè ọ́ nínú oòrùn nígbà tí òṣùwọ̀n ẹlòmíràn wà lódìkejì ọjà. Ẹ má sì rò pé ẹnikẹ́ni tó bá ti rìn wọlé ni wọ́n ń gbé òṣùwọ̀n fún. Àgbàlagbà kan gbọ́dọ̀ dúró fún ọ. Baba Agboolá ló dúró fún mi, àgbẹ̀ kan tí ilé wọn wà ní ìpẹ̀kun ìlú, lójú ọ̀nà Kuta. Wọ́n sọ fún Ọ̀gá lójú mi pé, "Ràímì, tí ọmọ yìí bá ṣe ohun tí kò dáa, èmi ni kí o mú." Òṣùwọ̀n yẹn ni gbogbo ìrètí mi nígbà náà. Òun ni mo fẹ́ fi fẹ́ ìyàwó, òun ni mo fẹ́ fi kúrò nínú yàrá tí èmi àti àwọn àbúrò mi jọ ń sùn bí àpò kòkó.

Lọ́ọ̀rì ni mo kọ́kọ́ ń wọ̀ lọ. Lọ́ọ̀rì kì í gbéra àfi tó bá kún, kì í sì í kún lọ́jọ́ tí ènìyàn bá ń kánjú. Mo pẹ́ títí ara Ọ̀gá kò gbà á mọ́. Wọ́n pè mí, wọ́n ní, "Àwọn ará Kuta ti ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Tí o bá ń pẹ́ báyìí, màá gbé òṣùwọ̀n fún Kàsúmù." Kàsúmù jẹ́ ọmọṣẹ́ wọn mìíràn, ó ní kẹ̀kẹ́ ológeere. Èmi náà lè ra kẹ̀kẹ́. Ìyẹn ni n bá rà. Ṣùgbọ́n mo ní n kò fẹ́ kẹ̀kẹ́, ohun tí yóò gbé mi dé Kuta kí Kàsúmù tó fẹ́ atẹ́gùn sí táyà rẹ̀ tán ni mo fẹ́.

Owó èésú bọ́ sí mi lọ́wọ́ lẹ́yìn Iléyá, mo gba Ìbàdàn lọ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ mi Músílíù, tó ti bá mẹkáníìkì kan ṣiṣẹ́ díẹ̀ rí. A wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta tuntun. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan, ẹni tó ń tà á wo bàtà mi, ó ní kí n má fi òógùn ọwọ́ ba ọ̀dà ara rẹ̀ jẹ́. A jáde. Akọ̀wé kan ni a wá rí, wọ́n fẹ́ gbé e kúrò níbi iṣẹ́ lọ sí ìlú mìíràn, ó fẹ́ ta alùpùpù tirẹ̀ lówó pọ́ọ́kú. Ó fẹsẹ̀ ta á jí lójú wa, ó dún, ó gùn ún lọ, ó gùn ún bọ̀. Mo tẹ táyà wò, ó le. Mo wo iná, ó tàn. Mo jókòó lórí àga rẹ̀, ó rọ̀. Ohun tí ẹ ń wò nínú fóònù yìí náà ni mo wò. Ohun tí n kò wò ni ọwọ́ akọ̀wé náà. Ó ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń yí ìyíná, ibi tí a ń yí kí ẹ́ńjìnnì lè máa ké. Ó ń dáhùn ìbéèrè mi, ọwọ́ rẹ̀ ń yí ìyíná. Ìgbà tó gbowó, ọwọ́ òsì ló fi gbà á, ó ní kí n má bínú. Mo rò pé ìfẹ́ alùpùpù náà ni kò jẹ́ kó lè fi í sílẹ̀.

Músílíù ló gùn ún wálé, mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, gbogbo àgbà wà ní mọ́sáláṣí, a kò bá ẹnikẹ́ni níta tí a ó dúró kí. Ní ìrọ̀lẹ́, ààfáà wá ṣàdúrà sí i, ìyá mi dín àkàrà fún àwọn aládùúgbò, àwọn ọmọdé ń fọwọ́ kàn án wò bí ẹni fọwọ́ kan aṣọ tuntun. Orí pápá lẹ́yìn ìlú ni Músílíù ti kọ́ mi. Mo ṣubú, mo bó lórúnkún, mo lé ewúrẹ́ onílé kan wọ inú iṣu, nígbà tó yá ó mọ́ mi lára. Kò sí àgbà lórí pápá. Màlúù nìkan ló wà níbẹ̀, màlúù kì í sì í ní kí a dọ̀bálẹ̀ fún òun.

Ọjọ́ ọjà Kuta wá pé. Mo wọ ẹ̀wù tuntun, mo jí irin mi, ó dún pù-pù-pù, gbogbo ilé jáde wá wò mí. Níwájú ilé wa gan-an, baálé ilé wa ti jókòó. Mo bọ́ sílẹ̀, mo dá alùpùpù dúró, mo dọ̀bálẹ̀. Kí àyà mi tó kan ilẹ̀, ó wú ikọ́ kan, ó dákẹ́. Nígbà tí wọ́n wúre tán, mo fẹsẹ̀ ta á títí kó tó tún dún. Mo gùn ún dé ilé kejì. Bàbá mìíràn wà níbẹ̀. Mo bọ́ sílẹ̀, ó kú. Ní ilé kẹta ó ti gbóná, ó kọ̀ kò jí mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Bí mo bá tì í tó sì fẹ́ dún, àgbà mìíràn á húkọ́ níwájú. Nígbà tí mo fi jáde nílùú, oòrùn ti ga, ẹ̀wù tuntun ti lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn, Kàsúmù sì ti gun kẹ̀kẹ́ kọjá mi, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Kàsúmù yẹn náà bọ́ sílẹ̀ fún gbogbo wọn, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ kì í kú.

Mo gbé e lọ bá Músílíù. Ó tú u, ó fẹ́ atẹ́gùn sí ibi tí bẹntiróò ń gbà, ó nu púlọ́ọ̀gì, ó tún un dì. Ó ní, "Kò lè dúró lásán ni. Tí o bá ti yọwọ́ lára rẹ̀, ó kú nìyẹn. Tó bá sì ti gbóná, kò ní jí àfi kó tutù."

Mo ní, "Ṣé kò ṣe é tún ṣe?"

"Ó ṣe é tún ṣe. Tí o bá ní owó tí wọ́n fi ń ra tuntun."

Kò sí ohun tí n kò dán wò. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún mú ìyíná, mo fi òsì kan ilẹ̀, mo tẹ̀ kọdọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin. Bàbá kan bi mí pé, "Ọwọ́ òsì lo wá fi kí mi láàárọ̀?" Mo ní kí Músílíù máa bá mi dì í mú. Ẹ gbà mí, Músílíù náà kò gbọ́dọ̀ dúró lórí ìdúró níwájú àgbà. Bí mo ti ń dọ̀bálẹ̀ lòun náà ń dọ̀bálẹ̀, irin á dá wà, á kú. Lọ́jọ́ kan mo rọra ń gùn ún kọjá, mo tẹrí ba, mo ń pariwo ìkíni láti orí rẹ̀. Ariwo ẹ́ńjìnnì kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ mi. Wọ́n rán ẹnì kan sí bàbá mi lọ́sàn-án pé ọmọ wọn ń kọjá, ẹnu rẹ̀ ń lọ sókè sódò, àwọn kò mọ̀ bóyá èébú ló ń bú àwọn. Bàbá mi kò bá mi jà. Wọ́n kàn ní, "Ìwọ la ò gbọ́ èébú lẹ́nu rẹ rí. Àbí irin yẹn ló ń kọ́ ọ?" Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Bí wọ́n bá nà mí, ó sàn.

 Lẹ́yìn ọjà kan tí mo tún pẹ́, Ọ̀gá ní, "Ọjà tó ń bọ̀ ni òpin. Mi ò ní tún un sọ."

Mo tọ baálé ilé wa lọ, mo ro gbogbo ẹjọ́ mi fún wọn lórí ìdọ̀bálẹ̀. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ mi. Wọ́n bá àwọn àgbà yòókù sọ ọ́ lẹ́yìn ìrun alásàrì. Àwọn kan ní kí n ta irin náà, àwọn kan ní ayé ń bàjẹ́ lọ, bàbá kan tí etí wọn kò gbọ́ dáadáa mọ́ ní kí n máa fún un ní omi mu. Baálé ló wá rí ojútùú rẹ̀. Wọ́n ní, "Bí ilẹ̀ ọjà Kuta bá máa mọ́ lọ́la, kí o wá kí wa ní ìrọ̀lẹ́ òní. Kí o kí wa tòní, kí o kí wa tọ̀la mọ́ ọn. Tí ilẹ̀ bá wá mọ́, kí o máa kọjá, a mọ̀ pé o ti kí wa."

Ẹ rí i, ọgbọ́n wà lórí àwọn ènìyàn yẹn. Inú mi dùn débi pé mo sunkún díẹ̀ nígbà tí mo délé. Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjà náà, mo ń lọ láti ilé dé ilé, mo ń dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan fún ìrọ̀lẹ́, ọ̀kan fún àárọ̀ tí kò tíì mọ́. Wọ́n ń wúre méjèèjì pọ̀. Àwọn kan ní bí mo bá ti ń lọ kí n bá wọn gbé iṣu fún ọmọ wọn tó wà nílé ọkọ ní Kuta, mo gbà á. Nígbà tí mo dé ilé Baba Agboolá, wọ́n ní wọn ò tíì ti oko dé, bóyá wọ́n máa sùn síbẹ̀. Mo fi ìkíni sílẹ̀ fún ìyàwó wọn.

Àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹ má wulẹ̀ jẹ́ kí n sọ ọ́. Mo gun alùpùpù la àárín ìlú mi kọjá láìdúró. Àwọn àgbà ń gbọ́wọ́ sókè sí mi, tẹ̀sùbáà wọn ń mì. Atẹ́gùn ń fẹ́ sí mi láyà. Mo ní lónìí, èmi ni màá ṣílẹ̀kùn fún Ọ̀gá fúnra wọn bí wọ́n bá wá. Mo ti rí ìpẹ̀kun ìlú, mo ti rí ojú ọ̀nà Kuta tó funfun lọ síwájú.

Baba Agboolá ló jókòó níwájú ilé wọn, àdá àti agbọ̀n oko ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n ti oko dé ni.

Gbogbo àgbà Ìwó ni mo ti kí. Ẹni tó dúró fún mi nìkan ni n kò kí. Bí mo bá kọjá, ọ̀rọ̀ á dé ilé Ọ̀gá kí n tó dé Kuta pé ọmọ tí Baba Agboolá dúró fún ti gun irin kọjá lójú wọn. Bí mo bá bọ́ sílẹ̀, ẹ̀yin náà ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Mo bọ́ sílẹ̀. Ó kú. Mo dọ̀bálẹ̀.

Inú wọn dùn. Wọ́n ní, "Hẹn-ẹn. Wọ́n sọ fún mi lóko pé ọmọ tó bá ti gun irin kì í mọ èèyàn mọ́. Mo ní kì í ṣe ọmọ tèmi." Wọ́n pe ìyàwó wọn jáde kó wá rí mi nílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n béèrè bàbá mi, wọ́n béèrè ìyá mi. Wọ́n wá tẹ́wọ́ àdúrà.

"Ọlọ́run á jẹ́ kí o máa tètè dé ibi tí o bá ń lọ."

"Àmín, Baba."

"O ò ní pẹ́ lọ́nà."

"Àmín."

"Ohun tó ń pa ọkọ̀ mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ lọ́wọ́ ò ní pa tìrẹ."

Mo ṣe àmín. Irin tó ti kú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ń rú èéfín. Ìyàwó wọn gbé omi wá, a kì í kọ omi àgbà, mo mu ún. Wọ́n tún wúre lórí omi náà.

Mo ti irin yẹn dé Kuta. Kì í ṣe gbogbo ọ̀nà, ó jí fúngbà díẹ̀ lágbedeméjì, ó tún kú níbi òkè. Ìyá kan tó máa ń bá ọkọ rẹ̀ gbé kòkó wá fún mi rí mi bí mo ti ń wọ ọjà, ó ní, "Ìwọ lò ń gùn ún ni, àbí òun ló ń gùn ọ́?" Àpò kòkó tirẹ̀ ti ṣófo lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti tà á lódìkejì. Ọ̀gá Ràímì wà níwájú ilẹ̀kùn wa tó wà ní títì, Kàsúmù dúró tì wọ́n pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá kò pariwo. Wọ́n ní, "Kọ́kọ́rọ́ dà?" Mo fà á jáde. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n fi lé Kàsúmù lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ kejì, Baba Agboolá dé fìlà, wọ́n lọ bá Ọ̀gá bẹ̀bẹ̀. Mo tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ní, "Ràímì, ọmọ tó níwà ni. Ó ń kánjú lọ síbi iṣẹ́ rẹ, síbẹ̀ ó bọ́ sílẹ̀ kí mi. Mélòó ló kù tó ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

Ọ̀gá dọ̀bálẹ̀ fún wọn kí wọ́n tó fèsì. Wọ́n ní, "Baba, òótọ́ lẹ sọ, ó níwà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwà ni mo ń wọ̀n ní Kuta. Kòkó ni."

Títí di òní, n kò rí ẹni tí mo lè bínú sí nínú àwọn méjèèjì, ìyẹn ló sì ń bí mi nínú. Mo padà sí oko bàbá mi. Ìyàwó tí mo fẹ́ fẹ́, àwọn ẹbí rẹ̀ ní àwọn kò lè dúró títí n ó fi tún bẹ̀rẹ̀. Mo ta alùpùpù fún tíṣà kan tí wọ́n gbé wá láti ìlú mìíràn. Tíṣà yẹn kò mọ ẹnikẹ́ni ní Ìwó, ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n, kò sí àgbà tó bi í léèrè bàbá rẹ̀. Ó ń jí i nílé, ó ń gùn ún dé ilé ìwé láìbọ́ sílẹ̀. Ó lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún, irin náà kò kú mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Màá wà lójú ọ̀nà oko, ẹrù lórí, màá gbọ́ pù-pù-pù rẹ̀ lẹ́yìn mi, màá yà fún un.

Lónìí èmi ni mo ń jókòó síbi tí baálé ń jókòó. Mo ń húkọ́, kò sí ẹni tó ń gbọ́. Àwọn ọlọ́kadà ń fọn fèrè lé mi lórí níwájú ilé bàbá mi. Ọ̀kan tiẹ̀ dúró lánàá láti gba ṣéńjì lọ́wọ́ èrò, ó yọwọ́ méjèèjì lára alùpùpù rẹ̀, ó ń wá owó nínú àpò. Irin náà ń dún lábẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, kò wú ikọ́, kò ṣe bí ẹni fẹ́ kú. Ó dúró níbẹ̀ títí ó fi rí owó náà. Ó wò mí lójú, ó sì lọ. Alùpùpù tó mọ ìdúró dúró níwájú mi bẹ́ẹ̀, ẹni tó wà lórí rẹ̀ kò ní ẹnikẹ́ni tó fẹ́ kí. Ó dùn mí débi pé n kò lè jẹun alẹ́.

Torí náà, Làsísì, má wulẹ̀ fi àwòrán hàn mí mọ́. Pupa tàbí dúdú, n kò mọ̀ ọ́n. Lọ sí Ìbàdàn, ní kí ẹni tó ń tà á jí i, kó gùn ún títí tí yóò fi gbóná, kó sì yọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kúrò lára rẹ̀ pátápátá. Kí o wá dọ̀bálẹ̀ fún un, gbalaja, kí àyà rẹ kan ilẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọdé ni. Béèrè bàbá rẹ̀, béèrè ìyá rẹ̀, béèrè gbogbo ará ilé rẹ̀. Wọ́n á fi ọ́ rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Bí o bá dìde, tí irin náà ṣì ń dún, sanwó.